Èmi Ni Mo Fi Ọ̀dà Bo Ìpẹtà Táǹkì Yẹn

Mùínátù, kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tí mo jẹ ọ́. Kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ kan ni, ó sì ti wúwo lọ́rùn mi: èmi ni mo fi ọ̀dà bo ìpẹtà ara táǹkì gáàsì RV, ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, tí mo fún yín. Kì í ṣe Ràṣídì ọkọ rẹ. Kì í ṣe àwọn ọmọ Bàbá Schaumburg. Èmi ìyá rẹ ni, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a so yìgì yín. Mo rí ìpẹtà náà, mo mọ ohun tí ó lè ṣe, mo sì kùn ún mọ́lẹ̀.

Ó tán. Mo ti san án. Ẹnu mi wá lè kí ọ báyìí.

O kú iṣẹ́ o, Àṣàkẹ́ mi. O kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn, o kú ìdúró lórí ẹsẹ̀. Ṣé yàrá tí o háyà yẹn ń gbóná dáadáa? Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì tí o bá lẹ́nu iṣẹ́ tuntun yìí ń fi ojú ire wò ọ́? Ara mi le. Eékún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, àtẹ̀gùn ilé wa yìí kò sì jẹ́ kí ó sinmi.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Mọ́mì kò fi pè. Mo pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní àkọ́kọ́, mo bi ọ́ pé kí lo jẹ, o ní ìrẹsì ni, mo ní ṣé ẹran wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì gba ibẹ̀ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ti mí kanlẹ̀, mo ní, “Mùínátù.” O ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ràṣídì, mi ò fẹ́ gbọ́.” Mo ní, “Rárá o, mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ ni.” Irọ́ tún nìyẹn. Mo wá rí i pé ẹnu mi ti mọ ọ̀nà irọ́ náà jù, bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé láìsí iná. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi kì í yára lórí ìwé. Kí ó tó kọ irọ́ kan tán, ojú á ti tì í. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Jókòó, kí o kà á dé òpin. Má pè mí láàárín.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe lọ.

O mọ̀ pé bàbá arúgbó òyìnbó tí mo tọ́jú ní Schaumburg fún ọdún mẹ́ta ló ni RV náà. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tètè palẹ̀ ilé náà mọ́, wọ́n sì tà á fún mi lówó pọ́ọ́kú. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí yóò máa lo oṣù mẹ́ta ní ọsibítù kan, oṣù mẹ́ta ní òmíràn, owó ilé nìkan á máa jẹ ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé rẹ̀ bá ní táyà lẹ́sẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì lè fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ tirẹ̀ níbikíbi, owó yẹn di tiwọn. Ìṣirò yẹn dára. Mi ò tọrọ àforíjì fún un.

Abẹ́ ọkọ̀ ni ìṣirò mi ti wọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù ni ọkọ̀ náà ti jókòó síta, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín sì ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Táǹkì gáàsì, èyí tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ náà lábẹ́, tí ẹ ó máa fi dáná, tí ẹ ó máa fi mú inú ọkọ̀ gbóná, ti pọ́n bí ilẹ̀ Ìwó. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣí bọ́ bí èèpo igi.

Mo pe ọkùnrin kan tí ń tún RV ṣe. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó gbọn ọwọ́. Ó ní, “Màdáámù, èyí ti kọjá ọ̀dà. Ó ti gbẹ́ ihò sára irin. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.”

Mo ní, “Èló?”

Iye tó pè lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là kan.

Mo ní, “Ṣé kò sí ẹ̀dínwó fún opó?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màdáámù, tèmi lè dínkù. Gáàsì ni kì í dúnàádúrà.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe lọ báyìí, mo gba sọ́ọ̀bù lọ, mo ra agolo ọ̀dà funfun méjì. Dọ́là mẹ́rìndínlógún.

Kí n má tún pa irọ́ lórí irọ́: kì í ṣe pé owó táǹkì kò sí. Owó náà wà. Mo ti yà á sọ́tọ̀ fún jíjẹ mímu ọjọ́ yìgì ni, torí mi ò fẹ́ kí Ìyá Ìbejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ràṣídì ní Plainfield, rí ibi tí yóò ti mú wa sọ. O mọ ẹnu rẹ̀. O sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ẹrù ìyàwó kì í jáde láìdán. Ìyá á fi eérú fọ abọ́ ọmọ rẹ̀, á kun àpótí rẹ̀ lọ́dà, kí àwọn tó rù ú lè kọjá lójú gbogbo èèyàn, kí aládùúgbò lè wí pé, “Ọmọ yìí ní ìyá.” Ohun tí mo ń wá náà nìyẹn, Mùínátù. Mo fẹ́ kí Plainfield wí pé ọmọ yìí ní ìyá. Mo wá fi ọwọ́ ara mi kun ohun tí ì bá jó ọmọ náà nínú ilé rẹ̀.

Gbogbo ara rẹ̀ ni mo kùn. Mo kun ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì. Mo kun àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Nígbà tí mo parí, mo dìde, mo wò ó, inú mi sì dùn. Ó ń dán.

Ọjọ́ kejì ni o rán Ràṣídì wá yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó wọ abẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀: “Mọ́mì, ọ̀dà yìí ṣì ń rùn. Ta ló kùn ún?”

Mo ní, “Àwọn ọmọ bàbá náà ni. O mọ òyìnbó pẹ̀lú ìmọ́tótó.”

Ó jáde. Ó wò mí lójú, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó tún wò mí lójú. Ó ní, “Ẹ ṣé o, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè wa.” Mo ṣe àmín. Mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Ìyókù, ìwọ lo sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ tí ẹ ń gbéra láti Plainfield, ẹ yà rọ gáàsì. Ọkùnrin onígáàsì ní òun gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà ara àwo náà kí òun tó rọ ohunkóhun. Ó fi kọ́kọ́rọ́ họ ọ̀dà mi, ìpẹtà sì ṣí bọ́ sílẹ̀, ó tóbi bí èékánná. Ó ní òun ò lè rọ gáàsì sínú nǹkan yìí, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ọ́. O kọjú sí ọkọ rẹ níbẹ̀, lójú ọkùnrin náà, o ní, “O ní o yẹ̀ ẹ́ wò!” Ràṣídì ní, “Mi ò wò ó dáadáa ni. Ẹ̀bi mi ni.”

Ìgbà yẹn lo pè mí. O ń sunkún. O ní, “Mọ́mì, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ mi ṣe.” Ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí ni mo sọ? Mo ní, “Háà. Ṣebí ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ọkùnrin ayé ìsinsìnyí, ojú fóònù nìkan ni wọ́n ń wò.”

Mo sọ ọ́. Mo tilẹ̀ pòṣé lé e.

O wọ bọ́ọ̀sì lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní ìwọ nìkan. Ọkọ rẹ padà sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Plainfield, ọkọ̀ náà sì wà nínú ọgbà wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbéyàwó yín kò tíì pé oṣù méjì.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, Ràṣídì wá bá mi níhìn-ín ní West Ridge. Kò jókòó. Ó na gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, ó dọ̀bálẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Mùínátù. Kò gbé fóònù mi. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ẹni tó bá sọ pé òun ti yẹ gáàsì wò, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, òun ò lè gbé ọmọ tì í. Ó ní òun ń rò ó bóyá kí ìgbéyàwó yìí parí síbí.”

Mùínátù, ṣé o rí i? Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kí ni mo ṣe? Mo ní, “Dìde, ọmọ mi. Màá bá a sọ̀rọ̀.” Mo gbé mọ́ínmọ́ín fún un. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó fọ abọ́.

Nígbà tí ó ń lọ, mo wọ sálúbàtà mi pé kí n sìn ín dé ìsàlẹ̀. Ó wo sálúbàtà náà. Ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́, “Mọ́mì, ẹ fi tínà nù ún. Ọ̀dà yẹn á kúrò lára bàtà yín.”

Kò rẹ́rìn-ín. Kò fajú ro. Ó tẹ̀ ba díẹ̀ bí ẹni tó tún fẹ́ kí mi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀kán ọ̀dà funfun mẹ́ta wà lórí sálúbàtà òsì. Láti ọjọ́ tí mo ti kun táǹkì náà ló ti wà níbẹ̀, mo sì ti ń wọ̀ ọ́ káàkiri. Ó mọ̀. Láti abẹ́ ọkọ̀ níjọ́ kìíní ló ti mọ̀. Wọ́n kọ́ Ràṣídì nílé ni: a kì í nàka sí àna ẹni. Ó yàn kí ìyàwó rẹ̀ pe òun ní aláìbìkítà, ju kí ẹnu rẹ̀ pe ìyá ìyàwó rẹ̀ ní òpùrọ́.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé padà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin ará Puẹto Ríkò tó ń gbé lókè wa ń gun òkè bọ̀, ó ní ṣé kò sí. Mo ní eékún mi ni.

Má rò pé ó fi ẹ̀mí rẹ ṣeré, kó o sì tún rí ẹ̀ṣẹ̀ míì kà sí i lọ́rùn. Mo fọgbọ́n bi Ìyá Ìbejì léèrè. Ó ní lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò yín, Ràṣídì pe ọkùnrin onígáàsì náà lórí fóònù pé kí ó bá òun yẹ táǹkì wò fínnífínní kí ó tó rọ nǹkan kan sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yẹn fi mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ọkọ rẹ kò lè sọ fún ọ, ó wá ọ̀nà tí irin fúnra rẹ̀ á fi sọ ọ́. Kò jẹ́ kí o dáná nínú ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó dáa. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn. O lè wí pé ẹnu wo ni mo fẹ́ fi gbani nímọ̀ràn. Ẹnu ẹni tó ti ṣubú ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn mi, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó fún ọ.

Èkíní, nípa ìpẹtà fúnra rẹ̀, torí irin ò ní tán láyé yín. Bí ó bá jẹ́ ti ojú lásán, tó dà bí eruku, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ fúnra yín. Ẹ ti ẹnu táǹkì pa, kí ọkọ̀ wà níta gbangba, kí iná tàbí sìgá má sí nítòsí. Búrọ́ọ̀ṣì onírin tí a fi ń họ nǹkan, ọwọ́ ni kí ẹ fi lò ó, ẹ má lo ẹ̀rọ. Sáńpépà ló tẹ̀ lé e. Ẹ nù ún kí ó gbẹ. Ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà ló ń ṣáájú, kí funfun tó bọ́ sórí rẹ̀, torí dúdú a máa fa oòrùn. Ẹ má kun ẹnu rẹ̀, ẹ má kun nọ́ńbà rẹ̀ bí mo ti ṣe. Kí ẹ wá po ọṣẹ kí ó hó, kí ẹ fi pa ojú ibi tí páìpù ti wọlé: ibi tí ó bá ti ń ru, gáàsì ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń ṣí bí èèpo, bí èékánná rẹ bá lè kó sínú ihò rẹ̀, má fọwọ́ kàn án mọ́. Pe ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ, kí o sì san iye tó bá pè.

Mo ń sọ èyí torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ìyá Ìbejì pè mí pé Ràṣídì ti yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo pè é kíákíá.

“Ràṣídì, kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ yẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ fá táǹkì yẹn ni, Mọ́mì. Kí n tún un ṣe. Bóyá tí Mùínátù bá rí i...”

“Gbé e sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí iná ta sí i? Ìyókù gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Dá a padà fún ẹni tó ni ín.”

“Ó dáa, mà.”

Mo ní, “Ọkùnrin tí ń tún RV ṣe ń bọ̀ ní Plainfield ní ọ̀sẹ̀ yìí. Á yọ ti àtijọ́, á de tuntun. Mo ti sanwó rẹ̀.” Mo ní, “Ràṣídì, ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn...”

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ìyá wa.”

O rí i, kò tilẹ̀ gbà kí n tọrọ àforíjì. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọ̀wọ̀ yẹn mì.

Ohun kejì yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ kí ó tó kú. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán ní Ìwó, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ àǹtí bàbá mi, tó ń ta sítóòfù àlòkù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ọ̀dà fàdákà kun èyí tó bá ti dípẹtà. Ọwọ́ mi dán. Àǹtí a máa wí pé, “Síkírá, bí o bá kun òkú, á dìde.” Orí mi a sì wú.

Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan wá ra ọ̀kan. Èmi ni mo kùn ún, èmi ni mo gbé e lé e lórí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá, wọ́n ti fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹrosíìnì gba abẹ́ ọ̀dà mi jò, iná sì mú etí ìró rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ará oko ni, kò mọ sítóòfù tàn. Àǹtí ní, “Ta ló ní kí o bu epo kún un dé ẹnu?” Èmi ni obìnrin náà kọjú sí. Ó ní, “Ìwọ lo gbé e fún mi. Ṣé ó ti ń jò tẹ́lẹ̀?”

Mo ní, “Rárá.”

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ó tiro lọ. Bóyá wọ́n ṣì ń pè é ní ará oko títí di òní.

Nítorí náà, ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì, o mọ̀ pé a kì í fi báńdéèjì bo egbò tí a kò fọ̀. Iṣẹ́ tuntun lo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan á wà tí ìwọ náà á ṣàṣìṣe, tí o ó fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí o ó gbàgbé ohun tí ó yẹ kí o kọ sílẹ̀. Sọ ọ́ ní wákàtí yẹn. Má dúró kí ó kọ́kọ́ gbẹ. Àṣìṣe tí a sọ ní wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀, ìbáwí ni yóò mú wá. Èyí tí a kùn lọ́dà, ẹlòmíràn ni yóò máa tiro nítorí rẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan bá sì ń jẹ ìyà rẹ lójú rẹ, tí o dákẹ́, o ti di ẹlòmíràn, o kò sì ní tètè mọ̀. Èmi mọ̀. Ogójì ọdún ó lé ló wà láàárín sítóòfù yẹn àti táǹkì yìí, ọwọ́ kan náà ni mo sì fi kun méjèèjì.

Nípa owó. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o má ṣírò, torí ìṣirò ló gbé wa dé ibi tí a dé. Ṣùgbọ́n bí o bá ń ṣírò, bi ara rẹ pé ta ni yóò san ìyókù. Mo fi dọ́là mẹ́rìndínlógún dípò ẹgbẹ̀rún kan, mo rò pé mo jèrè. Ọkọ rẹ ló ń san ìyókù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èyí tó kàn, bóyá òun ló yẹ kó ṣáájú: má máa gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ wá bá mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bàbá rẹ, ó fi owó oúnjẹ ra rédíò. Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi. Nígbà tí ó fi di alẹ́, èmi àti bàbá rẹ ti jọ ń gbọ́ rédíò náà, a ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò fi orí ọ̀rọ̀ yẹn jì í títí ó fi kú. Ọdọọdún ni wọ́n á máa bi mí pé, “Onírédíò ńkọ́?” Ìwọ á ti dárí ji ọkọ rẹ, èmi á ṣì máa gbé e sínú. Wò ó, o pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tí mo fi ìpè náà ṣe nìyẹn: mo fi ọkọ rẹ bo ara mi. Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ, Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ náà ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Bí inú bá bí ọ sí ọkọ rẹ, ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ bi. Bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ràṣídì ní, “Ẹ̀bi mi ni,” kíákíá jù. Ẹni tó bá jẹ̀bi lóòótọ́ kì í yára bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, torí mo ti jẹ̀bi rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o bá òun náà wí, tí ọ̀rọ̀ yín bá ti rọ̀. Sọ fún un pé ọ̀wọ̀ àna dára, pé mo mọ rírì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá lè gbiná, kí ó máa sọ ọ́ jáde, ìbáà jẹ́ ìyá ẹni ló wà nídìí rẹ̀. Bí ó bá ṣòro fún un láti sọ fún mi, kí ó sọ fún ọ lórí ìrọ̀rí. Kí ẹ̀yin méjèèjì wá pinnu bí ẹ ó ṣe bá arúgbó sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Mo fẹ́ lọ sí Plainfield ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo fẹ́ jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n Ràṣídì àti Ìyá Ìbejì, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe, torí inú ilé wọn ni wọ́n ti ń pè é ní aláìbìkítà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Ìbejì á gbádùn rẹ̀. Jẹ́ kí ó gbádùn rẹ̀. Ó tọ́ sí i, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n Ràṣídì ò ní gbà. Á ní kí n má dójú ti òun, á ní ìyá kì í bẹ ọmọ. Ìwọ nìkan ló lè sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí n wá.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí báyìí. Ìyẹn lè pẹ́, mo ní sùúrù. Ẹni tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni ọkọ rẹ. Pè é. Má jẹ́ kí ó kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́, torí á fẹ́ bẹ̀ ọ́. Sọ fún un pé o ti mọ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo sọ fún ọ. Kí o sì bi í bóyá mo lè wá ní Sátidé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó pè mí. Bí o bá pè mí kí o tó pè é, màá mọ̀ láti inú ohùn rẹ, màá sì fi fóònù sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí èsì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Síkírátù.